Bí A Ṣe Ń Ka Físíìsì Ní Yunifásítì

Ẹni tó bá ń ka ìwé físíìsì bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn máa rò pé òun ti gbọ́ ọ yé, àfi ìgbà tí ìbéèrè bá dé iwájú rẹ̀. Ibi tí ìwé bá ti fo ìlà mẹ́ta, tó ní "ó hàn gbangba pé", ẹ fi báírò kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò ti sábà máa ń wá.

Ìṣirò ló ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Calculus àti vector ti gbọ́dọ̀ mọ́ yín lára ní ọdún kìíní. Differential equation àti linear algebra, kí quantum mechanics tó dé. Èyí tí ẹ máa bá pàdé jù ni ti simple harmonic motion, ìyẹn ìlọ-bọ̀ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe: inú spring, inú pendulum (rogodo tí a so kọ́ sórí okùn), inú circuit tó ní inductor àti capacitor, kódà lára molecule tó ń gbọ̀n. Ẹ kọ́ ọ dójú àmì.

Tí ẹ bá fẹ́ yanjú ìbéèrè, ẹ ya àwòrán, ẹ ya gbogbo ipá (force) tó wà níbẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi lẹ́tà ṣe é dé òpin kí nọ́ńbà tó wọlé. Lẹ́tà ṣeé yẹ̀ wò, nọ́ńbà kì í sọ ibi tó ti wá. Ẹ mú igi tó ń yọ̀ wálẹ̀ lórí pákó tí a gbé apá kan rẹ̀ sókè. Ìdáhùn ni a = g(sin θ − μ cos θ): a ni bí eré igi náà ṣe ń yí padà (acceleration), g ni acceleration ohun tó ń já bọ́ lásán, θ ni igun tí pákó fi dagun, μ sì ni ìwọ̀n friction. Ẹ gbé pákó náà dúró ṣánṣán, θ di 90°, a di g: igi ń já bọ́ lásán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá tẹ́ pákó sílẹ̀, θ di 0°, a di −μg. Ṣé igi tó jókòó jẹ́ẹ́ máa wá dìde sá sẹ́yìn ni? Rárá o. Igi tó ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀ ni fọ́múlà náà wà fún, àmì ìyọkúrò yẹn sì ń sọ pé eré rẹ̀ ń dín kù. Bó bá ti dúró, fọ́múlà ò bá a wí mọ́.

Bí ìdáhùn tó ní sin nínú bá rí ṣákálá, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ ìṣirò yín. Sin 30 jẹ́ 0.5 ní degree. Ní radian, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń wọn igun, −0.988 ni.

Láàbù kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣe àwòkọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi pendulum wá g, ẹ má fà á kọjá 10°, ẹ wọn okùn dé àárín rogodo, kí ẹ sì ka àlọ-àbọ̀ 20 lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ tó ń tẹ aago lè fi bí 0.2 s pẹ́. Tí a bá pín in sí 20, ó ku 0.01 s. "Òdo" ni ẹ máa pè nígbà tí aago bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pe "ení" ti ka 19 ní 20, g rẹ̀ á sì jẹ́ bí 10.9 dípò 9.8. Ẹ fi T² àti L ya gíráàfù: T ni àkókò àlọ-àbọ̀ kan, L ni gígùn okùn. Ìgasókè (slope) rẹ̀ jẹ́ 4π²/g, bí 4.03 s²/m. Tí ìlà náà bá gún régé ṣùgbọ́n tó gba òkè òdo kọjá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí rogodo lẹ ti wọn okùn dúró. Ẹ má da iṣẹ́ náà nù: ìgasókè ò yí padà, g yín ṣì pé. Báírò ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sínú ìwé láàbù. Èyí tó bá ṣì, ẹ fa ìlà kan gba inú rẹ̀, ẹ má pa á rẹ́.

Ẹ kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, díẹ̀ fún gíráàfù. Ẹ dá gbìyànjú ìbéèrè kí ẹ tó lọ bá ẹgbẹ́ yín, nítorí ẹni tó wo ìdáhùn kó tó gbìyànjú kò kọ́ nǹkan kan.

Nínú ìdánwò, bí àkókò bá ti tán tí ìdáhùn yín sì sọ pé bọ́ọ̀lù sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti ṣì, kí ẹ sì sọ ìdí. Ó sàn ju kí ẹ dákẹ́ lọ.