Alẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ yàn kí ẹ tó mú kámẹ́rà: bí mo ṣe ń ya ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe jẹun ní Iléṣà. Ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà: ní gbogbo Sátidé, ẹ ó rí mi láàárín àwọn onílù àti àwọn tó ń nọ́wó. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti yà, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Igi ọ̀pẹ méjì ni, àti ìràwọ̀ tó kún ojú ọ̀run bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sórí ẹní. Oko bàbá mi lẹ́yìn Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni mo ti yà á, níbi tí àwa bíi mẹ́wàá ti máa ń pàgọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nítorí ìràwọ̀. Kámẹ́rà tí mo lò ni gbogbo èèyàn máa ń béèrè. Alẹ́ tí mo lọ ló yẹ kí wọ́n béèrè.

Òṣùpá ló ń pa ìràwọ̀ lójú jù lọ. Bó bá ti tóbi, ẹ lè fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ka ìwé, àmọ́ ìràwọ̀ tí ẹ máa rí kò ní tó nǹkan. Láti ìgbà tí oṣù kan bá lé sí ìgbà tí òmíràn yóò lé, nǹkan bí ọjọ́ 29 ààbọ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú kí oṣù lé àti ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ máa wá.

Lẹ́yìn òṣùpá, ó kan eruku. Mo ti rò rí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, torí òjò kì í rọ̀. Mo kó ẹrù mi lọ sóko ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an. Ìràwọ̀ tí mo rí kò tó ogún, gbogbo wọn sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí iná àtùpà tó fẹ́ kú. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn ti ń gbé eruku yẹn wá, èéfín igbó tí wọ́n ń sun láti fi múra oko sì tún ń kún un. Ìgbà tí mo yàn báyìí ni oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, àti oṣù kẹwàá. Òjò á rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á fọ ojú ọ̀run mọ́, á sì dá. Bí òjò bá rọ̀ ní aago 4 tí ìkúùkù sì ká kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù keje àti ìkẹjọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ìkúùkù kì í jẹ́.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ lọ kí baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ. Ẹni tó bá ń tan tọ́ọ̀ṣì nínú oko kòkó ní aago 2 òru láìsọ fún ẹnikẹ́ni, olè ni lójú ọdẹ, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀sán ni èmi máa ń lọ, màá gbé obì dání, màá fi kámẹ́rà hàn wọ́n, màá sì ka iye tí a jẹ́ fún wọn. Ẹ má dá lọ, ẹ má sì lọ síbi tí wọn ò mọ̀ yín.

Ojú èèyàn máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára. Bí ẹnì kan bá wá tan iná fóònù sí yín lójú, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà, láti ilé ni mo ti máa ń gé nylon pupa, ìṣẹ́po méjì, tí màá fi rọ́bà dè mọ́ ojú gbogbo tọ́ọ̀ṣì. Iná pupa kì í da ojú láàmú. Ẹ dín iná síkíríìnì kámẹ́rà náà kù, torí inú òkùnkùn, fọ́tò tó dúdú jù lè dà bí èyí tó dára.

Ó wá kan kámẹ́rà. Tèmi kì í ṣe olówó ńlá, lẹ́ńsì 18mm tó bá a wá ni mo ṣì ń lò. Ẹ gbé e sórí tírípọ́ọ̀dù, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi àpò tí òkúta wà nínú rẹ̀ kọ́ sáàárín rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà mì í. Ẹ yí i sí M, kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yan gbogbo nǹkan. Ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì dé ibi tó lè ṣí dé, f/3.5 ni tèmi. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, ẹ fi sí 3200. Ẹ fi RAW gbà á, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Ní ti àkókò tí ojú kámẹ́rà yóò fi wà ní ṣíṣí, ẹ pín 300 sí iye lẹ́ńsì yín: 300 pín sí 18 kò tó 17, mo sì máa ń fi sí ìṣẹ́jú-àáyá 15. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ full-frame, èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi, 500 ni kí ẹ pín. Bí ẹ bá kọjá iye yẹn, ìràwọ̀ á fà bí okùn, torí ayé ń yí. Ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó yà lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó ka ìṣẹ́jú-àáyá 2 kó tó yà, kó má baà gbọ̀n. Fóònù tó bá ní ètò Pro nínú kámẹ́rà rẹ̀ náà lè ṣe é, bí ẹ bá ti rí nǹkan gbé e tì tí kò ní mì.

Fókọ́ọ̀sì ló máa ń pa èèyàn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ mi, mo ya fọ́tò 140. Lórí síkíríìnì kékeré, gbogbo rẹ̀ dán. Nígbà tí mo dé ilé tí mo tú u sórí kọ̀ǹpútà, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wú bí àkàrà. Kámẹ́rà kò lè dá fókọ́ọ̀sì ṣe nínú òkùnkùn, mo sì fi í sílẹ̀ kó dá a ṣe. Báyìí, màá yí lẹ́ńsì sí MF, ìyẹn fókọ́ọ̀sì àfọwọ́ṣe, màá kọjú rẹ̀ sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù, màá tẹ ibi tí ń mú àwòrán tóbi lórí síkíríìnì títí yóò fi dé 10x. Ìràwọ̀ náà á wá dà bí ẹyọ owó. Ẹ rọra máa yí òrùka lẹ́ńsì. Yóò máa kéré, yóò kéré títí yóò fi dà bí ojú abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ẹ dá a padà sí ibi ojú abẹ́rẹ́ yẹn. Mo máa ń fi téèpù lẹ òrùka náà pa, n kì í sì í fọwọ́ kàn án mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bí àgùàlà bá wà lójú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́, òun ni mo máa ń fi ṣe fókọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí oṣù lé, wọ́n lè jọ wà ní ìwọ̀-oòrùn, òṣùpá tín-ín-rín bí èékánná, àgùàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé àgùàlà tó ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹ yà wọ́n pọ̀, ISO 400, ìṣẹ́jú-àáyá 1. Kò ní pẹ́ tí òṣùpá náà á fi wọ̀, òkùnkùn á sì kù fún yín.

Ìlànà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ wá ìràwọ̀ àríwá. Àwọn ará òkè òkun ni wọ́n kọ ọ́ fún. Níbi tiwa, ìràwọ̀ yẹn kò ga ju nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 7 ààbọ̀ lọ sí ilẹ̀, òkè ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti bò ó mọ́ wa lójú. Gúúsù ni ẹwà tiwa wà. Ní àárín oṣù karùn-ún, láàárín aago 9 sí 10 alẹ́, ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́rin tó ṣe bí àgbélébùú, ó dúró ṣánṣán lókè igbó. Àwọn tó ń gbé London kì í rí i láé. Ìgbà yẹn gan-an ni àárín Milky Way, ọ̀já funfun tó gba ojú ọ̀run kọjá, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní apá òsì àgbélébùú náà. Ní aago 3 òru, ó ti ga ju ìdajì ọ̀run lọ. Àkókò tí mo máa ń fẹ́ jù nìyẹn, mo sì máa ń fi igi ọ̀pẹ sí ìsàlẹ̀ fọ́tò kí èèyàn lè mọ̀ pé ilé la wà. Ní oṣù kẹwàá, ẹ kò ní láti pẹ́: ní aago 7 ààbọ̀ alẹ́ ó ti wà ní gúúsù sí ìwọ̀-oòrùn, ó ń lọ wọ̀.

Ìrì ni ọ̀tá tó kẹ́yìn. Láti aago 1 òru, bí ilẹ̀ bá tutù lẹ́yìn òjò, lẹ́ńsì á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ẹ kò sì ní tètè mọ̀. Mo máa ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò kékeré, màá fi aṣọ wé e, màá sì so ó mọ́ abẹ́ lẹ́ńsì. Ní gbogbo ìdajì wákàtí, mo máa ń fi iná pupa wo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá ti ṣú, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ.

Nígbà tí ẹ bá ń tún fọ́tò ṣe nílé, ẹ fi sùúrù gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ má sì kun àwọ̀ rẹ̀ títí yóò fi dà bí àǹkárá. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ọdẹ tó máa ń jókòó tì wá wo fọ́tò kan lórí síkíríìnì fún ìgbà pípẹ́. Ó gbójú sókè wo ọ̀run, ó tún wo fọ́tò. Ó ní, “Bó ṣe wà gan-an nìyẹn.”