Bí mo ṣe yẹ ṣòkòtò tí wọ́n ní ti Fẹlá ni wò kí n tó sanwó

Ọwọ́ opó alágbàfọ̀ kan ní Mushin ni ṣòkòtò náà wà. Màmá ní ti Fẹlá ni, pé láti Kalakuta, ilé Fẹlá, ni wọ́n ti kó o wá fún ọkọ àwọn, nígbà tí ilé náà ṣì wà ní Ìdí-Òro.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ló ṣe yọ nínú iná?” Dandan ni ìbéèrè yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, sójà dáná sun ilé yẹn, ẹrù sì ṣòfò púpọ̀. Ẹrù ilé náà tó bá ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ní ibi tó sá pamọ́ sí.

“Ọmọ mi, ọ̀dọ̀ wa níbí ló wà. Lẹ́yìn iná yẹn, ta ló máa rántí aṣọ?”

Mo da inú ṣòkòtò náà síta. Ní ìbàdí, mo rí àmì tí àwọn alágbàfọ̀ máa ń fi yíǹkì kọ, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà. Màmá gbé ìwé ìṣirò ọkọ wọn jáde, eku ti jẹ ẹ́ létí. Àmì kan náà wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ “Anikulapo” síwájú rẹ̀. Inú mi dùn gan-an, torí Fẹlá ti yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó sì ti fi Anikulapo rọ́pò rẹ̀, kí iná yẹn tó ṣẹlẹ̀.

Mo tún lọ sí Kalakuta Museum ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá, n’Ìkẹjà, ilé tí wọ́n sin ín sí ní 1997. Aṣọ àti bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ojú ni mo fi wọn ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn àti bí aṣọ rẹ̀ ṣe máa ń fún mọ́ra. Ó jọra. Ṣùgbọ́n jíjọra nìkan kò tó, télọ̀ tó mọṣẹ́ lè rán irú rẹ̀. Ìwé alágbàfọ̀ yẹn ni mo gbára lé.

Mo ya ojú ewé náà ní fọ́tò. Mi ò ní kí màmá ta ìwé fún mi, ìrántí ọkọ wọn ni. Wọ́n sọ ìtàn náà sínú fóònù mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, mo sì sanwó.

Mi ò fọ̀ ọ́ o! Ọṣẹ lè pa àmì yẹn rẹ́. Mi ò sì fi sí náílọ́ọ̀nù, kí ooru Èkó má bàa jẹ́ kó bu. Aṣọ òwú funfun ni mo fi wé e sínú àpótí, ìwé tí màmá fọwọ́ sí sì wà pẹ̀lú rẹ̀.