Bí Mo Ṣe Wá Ibi Tí Kajú Wa Ti Ń Fọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta ni oníbàárà wa pe ọ̀gá mi láti Kútọnu. Ó ní ẹrù tí a kó ránṣẹ́ kò bá àdéhùn mu. Odindi kajú ló fẹ́ rà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tú páálí ni àfọ́kù ń jáde níbẹ̀. Owó àfọ́kù ló sì san fún wa. Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní: "Àwọn alágbàṣe yìí ni. Bá mi wá a dáadáa, kí n mọ àwọn tí n ó lé."

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ìwọ̀n nílé iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń la kajú ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fún mi.

Kajú tí ẹ ń rà nínú ọ̀rá lẹ́bàá títì ti rìn jìnnà kó tó dé ọwọ́ yín. Bí kóró rẹ̀ bá ti oko dé, a ó sá a sóòrùn, a ó ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, a ó fi ooru omi sè é kí èèpo líle yẹn lè rọ̀. Tó bá tutù tán, a ó là á lórí ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́, a ó kó ọmọ inú rẹ̀ sí ààrò kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin yóò bó awọ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lára rẹ̀. Ibi ṣíṣà ló kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni kálukú kajú ti ń gba orúkọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní W320, odindi ni, 300 sí 320 rẹ̀ ló ń wà nínú pọ́ùn kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 454. W240 tóbi jù ú lọ, owó rẹ̀ sì ga jù. Àfọ́kù kò yàtọ̀ sí odindi lẹ́nu, ṣùgbọ́n lọ́jà, owó rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an. Kò sì sí ohun tí a lè fi lẹ kajú tó bá ti fọ́.

Nígbà kan, èyí tó pọ̀ jù nínú kajú ilẹ̀ wa, láìtíì là á ni wọ́n ń kó o lọ sí Íńdíà àti Vietnam. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti dá èyí dúró: ẹni tó bá ní kajú, ilé ni kó ti là á. Iṣẹ́ wá dé fún àwọn ilé kéékèèké bíi tiwa lójijì. Mẹ́rìnlá ni wá tẹ́lẹ̀, tí a ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, a ti lé ní àádọ́ta. Àwọn tó kù jẹ́ alágbàṣe. Òmíràn nínú wọn ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ olóṣù mẹ́ta, irú ìwé tó ní ọjọ́ ìparí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CDD. Ẹnu ọ̀nà ni àwọn yòókù máa ń dúró sí ní ìdájí. Ẹni tí a bá ka nọ́ńbà kàn ló ń wọlé, iye kílò tó bá bó la ó sì fi san owó rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Òfin 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017 gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti máa tún CDD ṣe léraléra bó ṣe wù ú, nítorí náà àwọn obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá ń kọ orúkọ wọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i pé ìwé mi kò lè dáhùn ohun tí ọ̀gá béèrè. Àpapọ̀ kílò ojúmọ́ ni mo máa ń kọ. Bí àwọn abókajú bá parí, inú àpò kan náà ni gbogbo wọn ń da tiwọn sí, ta ni yóò tún mọ ti ẹni kọ̀ọ̀kan? Mo gé páálí wẹ́wẹ́, mo kọ nọ́ńbà sí i láti 1 dé 40, mo fi okùn so ó mọ́ etí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo kan ìṣó sára ògiri tí a ó máa gbé nọ́ńbà kọ́ nírọ̀lẹ́. Fún abọ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ẹni tó bó o, ọjọ́, àti inú àtẹ wo nínú ààrò ni kajú yẹn ti wá. Èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi ṣíṣà jọ ń wọ̀n ọ́n: odindi lọ́tọ̀, ìlàjì lọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀, èyí tí ọ̀bẹ ha lára lọ́tọ̀. A ń pẹ́ dé ilé. Ọkọ mi bínú títí, ó sì dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ló ń jóòótọ́. Nínú kílò mẹ́wàá, àwọn àgbà ọwọ́ ń mú odindi kílò mẹ́jọ jáde, nígbà mìíràn ó ń lé díẹ̀. Àwọn ẹni tuntun kò kọjá mẹ́fà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìwé dé, kí n lọ jíṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ló dá mi dúró. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ènìyàn ló já wálẹ̀. Ìyá Ìbejì pàápàá, tó ti ń bó kajú kí n tó dé ilé iṣẹ́ yẹn, kò mú tó kílò méje jáde nínú mẹ́wàá. Mo wo nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ lánàá kò lè gbàgbé rẹ̀ mọ́jú. Mo bá padà sí ìlà tí mo kọ àtẹ sí, mo sì rí i pé gbogbo abọ́ tó burú lọ́jọ́ náà, àwọn àtẹ ìsàlẹ̀ ààrò ni wọ́n ti wá, láti inú ẹrù tí a gbẹ lóru.

Mo lọ sídìí ààrò. Ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ti lọ ní oṣù kìíní. Ó rí iṣẹ́ ní Glo-Djigbé, níbi tí wọ́n kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sí. Láti ìgbà náà, ẹni mẹ́ta ti gba ipò rẹ̀, ìwé oṣù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹnìkẹta pé kí ni wọ́n sọ fún un nígbà tó dé. Ó ní: "Wọ́n ní wákàtí mẹ́fà ni, Àǹtí. Tó bá pé, kí n kó o jáde." Òótọ́ ni, wákàtí mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ máa ń dìde láàárín òru, yóò gbé àtẹ ìsàlẹ̀ sókè, yóò gbé tòkè sísàlẹ̀, torí iná ààrò yẹn kò kárí. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sílẹ̀. Àwa kò mọ̀ pé ó ń ṣe é. Ìgbà tí ó lọ, ó bá a lọ.

Mo wá lọ jókòó ti Ìyá Ìbejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Ọmọ mi, jókòó. Ìwọ náà wá bó kajú?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ hàn mí. Wọ́n mú kajú kan nínú abọ́, wọ́n fi sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò yí i díẹ̀. Awọ rẹ̀ dún, ó ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí awọ ẹ̀pà tí a yan. Wọ́n mú òmíràn. Mo yí i, mo yí i, kò mira. "Èyí ò tíì gbẹ," ni wọ́n wí. "Tó o bá fi ọ̀bẹ ha á, yóò là sí méjì. Mo máa ń yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, kí wọ́n dá a padà sínú ààrò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó pọ̀ jù. Tí mo bá ní kí n yà á, n kò ní bó nǹkan kan."

Mo béèrè bóyá wọ́n ti fi èyí han àwọn ẹni tuntun. Ọwọ́ wọn kò dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.

"Àwọn wo nínú wọn? Ẹni tí mo kọ́ lánàá kò wá lónìí. Tí mo bá sì fi wákàtí kan kọ́ ẹnì kan, kílò mélòó ló ti bọ́ lọ́wọ́ mi? Ta ni yóò san án fún mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ọdún mélòó ni mo ti ń kọ ìwọ̀n, tí mo ń rò pé mo mọ ohun tó ń lọ. Bí a ṣe ń sanwó níbẹ̀, ìyá tó bá kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́, ara rẹ̀ ló ń jà lólè. Ohun tí a nílò jù lọ wà ní ọwọ́ àwọn obìnrin bíi mẹ́fà, àwa fúnra wa la sì fi owó kílò dí wọn lẹ́nu.

Ẹni tuntun kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 31, ọmọbìnrin tí kò lè ju ogún ọdún lọ. Tirẹ̀ ló burú jù nínú ìwé mi. Mo pè é sẹ́yìn ilé, n kò fẹ́ kí ojú tì í. Ìka rẹ̀ ti dúdú, ó ti ń bó níbi méjì. Òróró inú èèpo kajú ló ṣe é, ó máa ń jó ara bí iná. Ọjọ́ méjì ṣáájú, ibi tí a ti ń la kóró ni wọ́n ti lò ó, wọ́n kò sì fún un ní ìbọ̀wọ́, torí mẹ́rìnlá ni a ní, fún àwa mẹ́rìnlá. Eérú ló fi pa ọwọ́. Ta ni yóò fi irú ìka bẹ́ẹ̀ bó nǹkan tí kò fẹ́ kí a tẹ òun? Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ pé kajú Ọjọ́bọ̀ kò gbẹ. Ó ní:

"Mo mọ̀, Àǹtí. Mo rí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kò gbẹ, wọn á ní kí n jókòó kí n dúró dè é. Ẹni tó bá jókòó kì í gbowó. Wọ́n sì lè má ka nọ́ńbà kàn mí lọ́la."

Mo tún rí nǹkan mìíràn lọ́sẹ̀ kejì, n kò ní fa ìyẹn gùn. Àwọn tó ń kó àpò ti da kóró ńlá àti kékeré pọ̀. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìlà, ìwọ̀n kan la máa ń tò ó sí. Tí èyí tó tóbi bá dé abẹ́ rẹ̀, yóò gé ọmọ inú pẹ̀lú èèpo. Àmì tó wà lára àpò ni wọn kò mọ̀, kò sí ẹni tó sọ fún wọn.

Mo gbé ìwé lọ bá ọ̀gá. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí, n kò rí ẹni tí ẹ ó lé." Inú wọn kò kọ́kọ́ dùn. A jókòó, a fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n. A ṣírò ohun tí a pàdánù lórí ẹrù Kútọnu yẹn nìkan. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52.000 sẹ́fà. Ohun tí a sọ nù lórí ẹrù kan ṣoṣo tó láti san owó olùtọ́jú ààrò kan ju ọdún kan lọ, ká tiẹ̀ lé owó náà sókè díẹ̀ fún un. Ọ̀gá wo ìṣirò náà pẹ́. Wọ́n béèrè pé: "Tí kóró bá tán ní oṣù kẹsàn-án ńkọ́? Kí ni yóò máa tọ́jú?"

Ìbéèrè gidi ni. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni kajú ń já lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá lówó ra púpọ̀ pa mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dá kí ọdún tó parí. Mi ò dá ọ̀gá lẹ́bi pé wọ́n ń bẹ̀rù owó oṣù tí kò ní iṣẹ́ nídìí.

Ibi tí a fẹnu kò sí nìyí. Ẹni tó ń tọ́jú ààrò àti ẹni tó ń se kóró gba ìwé ọdún kan. Ìyá Ìbejì àti àwọn mẹ́ta mìíràn yóò máa jókòó ti ẹni tuntun fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, a ó sì san owó ojúmọ́ fún wọn ní ọjọ́ méjèèjì, bí ẹni pé wọ́n bó kajú. Odindi ní owó tirẹ̀, àfọ́kù ní tirẹ̀. Ẹni tó bá dá àtẹ tí kò gbẹ padà, àkókò tó fi dúró yóò wọnú owó rẹ̀. Ẹni tó wá fún ọjọ́ kan péré, àpò ni yóò gbé, tàbí kó sá kóró sóòrùn, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ọ̀gá ra ìbọ̀wọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn tó ti pé ọdún mẹ́ta ní ìwé tí kò ní ọjọ́ ìparí. Wọn kò gbà. Mo ṣì ń bẹ̀ wọ́n.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin, odindi àwọn ẹni tuntun ti sún mọ́ kílò méje àbọ̀ nínú mẹ́wàá. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn ará ilé mi tí kò tilẹ̀ bi mí. Àfi bí òjò àkọ́kọ́ ṣe rọ̀. Ẹni tó bá mọ Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí òjò yẹn túmọ̀ sí: àgbàdo kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mọ́kànlá nínú àwọn tí a ti kọ́ lọ sí oko, mọ́kànlá mìíràn dé sí ẹnu ọ̀nà. Àfọ́kù tún gòkè. Kò gòkè tó ti oṣù kẹta, torí ààrò ti dára, àwọn ìyá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, pẹ̀lú sùúrù tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Ẹrù oṣù karùn-ún lọ sí Kútọnu ní ọjọ́ Ẹtì kan. Owó odindi ni wọ́n san.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń ka àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí ọmọbìnrin yẹn láàárín wọn. Erùpẹ̀ oko ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti jinná. Ó kí mi, ó ní àwọn ti gbin àgbàdo tán, ó wá wò ó bóyá àyè ṣì wà. Mo na ọwọ́ sí ìṣó ara ògiri, mo gbé 31 fún un, ó sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ìbejì.