Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní tútù nílé

Ẹ̀yin òbí wa l'Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ tó máa di oúnjẹ kan fún ọmọ lọ síléèwé, ẹ kọ́kọ́ dán an wò nílé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ sè é láàárọ̀, ẹ bù ú sínú ike tó máa gbé lọ gan-an, ẹ dé e, tó bá ti tó àsìkò tí wọ́n máa ń jẹun níléèwé ẹ ní kó ṣí i fúnra ẹ̀ kó jẹ ẹ́, ẹ má ràn án lọ́wọ́ o. Èyí tó bá jẹ tán, ẹ máa dì í fún un, èyí tó bá ń fi ṣíbí tì síbí tì sọ́hùn-ún, ilé ni kẹ́ ẹ ti máa jẹ ẹ́. Ìdí ni pé oúnjẹ tó kúrò nílé kọ́ lọmọ ń bá nínú ike níléèwé, indomie á ti fa omi ẹ̀ tán á wú á lẹ̀ mọ́ra, dòdò á ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ọmọ míì gan-an ò lágbára àtiṣí ìdérí yẹn, á kàn gbé ebi wálé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹja sí i (ṣé èèyàn lè máa ná Ọjà Olúwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ níbí, kó má fi ẹja sí i ni), ẹ dín in gbẹ kẹ́ ẹ yọ eegun ẹ̀ tán, tíṣà kan ò lè máa ṣọ́ ọ̀fun gbogbo kíláàsì. Àmọ́ o, bó ṣe ń dùn lẹ́nu nìkan ni dídán tẹ́ ẹ dán an wò yìí ń sọ fún yín, kò ní kí oúnjẹ má bàjẹ́ nínú ooru, torí náà tọ́mọ bá ń dúró ṣe lẹ́sìnnì, búrẹ́dì tàbí ṣinṣín ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀ fún ọ̀sán.