Ohun tó jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀: a kúrò nínú yàrá

Bí mo bá ti jókòó nínú yàrá kojú ìyá tó ń gbà mí nímọ̀ràn lórí ìdààmú ọkàn, ẹnu mi á wúwo. Wọ́n tọ́ mi dàgbà pé ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà, àwọn náà sì tó ìyá mi.

Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé a jáde. Láti Burgess Park, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní London, a máa ń gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Surrey Canal Walk, níbi tí omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi wà láyé àtijọ́ kí wọ́n tó dí i, títí dé Peckham. Ẹ̀gbẹ́ ara wa la ń rìn, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kejì lójú. Tí ọ̀rọ̀ bá há, ẹsẹ̀ ṣì ń lọ. Àyà mi tó máa ń lù kìkìkì á rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tún máa ń jẹ́ kí ara mọ ìgbà tó yẹ kó sùn, oorun mi sì ti dára sí i.

Ṣùgbọ́n Peckham nìyẹn o, àdúgbò tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí! Ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹnì kan tó pariwo "Bọ̀dá!" A ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀: tí ojúlùmọ̀ bá yọ, màá kí i, a ò ní dúró, ìyá náà ò sì ní sọ ẹni tí àwọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ẹ̀gbẹ́ adágún omi inú Burgess Park la ti ń sọ ọ́, níbi tí èrò ò pọ̀ sí. Tí òjò bá ń rọ̀, a padà sínú yàrá. Tí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ tètè sọ fún ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn, kí wọ́n lè rìn níwọ̀n tí agbára yín mọ.