Bí mo ṣe rí iyanrìn inú kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi fà jáde

Eruku pupa ọ̀nà Kabba sí Ìsánlú ti há sínú kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi. Bí mo gbá a, á tún yọ. Mo ra fákúùmù kékeré, ẹ̀rọ tó ń fa eruku, èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú ìtanná sìgá inú mọ́tò, fólìtì 12. Ariwo ló ń pa, iyanrìn ò mira. Mo fọ asẹ́ rẹ̀, mo sá a gbẹ, pàbó.

Mo wá yá fákúùmù àwọn tó ń fọ mọ́tò, wáàtì 1200. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e, mo dúró de NEPA. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo kápẹ́ẹ̀tì náà kí n tó fi ẹnu tóóró fà á. Òkúta wẹ́wẹ́ ń dún kẹrẹkẹrẹ nínú ọ̀pá rẹ̀, ara tù mí! Kápẹ́ẹ̀tì tèmi gbẹ o. Mi ò tíì dán an wò lórí èyí tó tutù.