Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Pa Igi Eléso Tí A Gbìn Nígbà Òtútù

Ọwọ́ tí a fi ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbin igi ápù, ìyẹn gan-an ló sì ń pa á. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè fẹ̀yìn ti ògiri fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wọlẹ̀, yóò sì hù. Igi ẹ̀gẹ́ náà, ẹ gé e lónìí, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n igi ápù, péà àti plọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà láìní iyẹ̀pẹ̀ nídìí, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, kò rí bẹ́ẹ̀. Oorun ló ń sùn nígbà tí wọ́n hú u. Gbòǹgbò rẹ̀ wà láàyè, afẹ́fẹ́ lásán sì lè gbẹ ẹ́ pa.

Báyìí ni mo ṣe pa igi ápù tí mo kọ́kọ́ rà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé, mo tú u, mo gbé e ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo ń retí Sátidé. Nígbà tí oṣù karùn-ún dé, tí gbogbo igi àdúgbò ti rúwé, tèmi ti gbẹ bí igi ìdáná. Ó dùn mí gan-an.

Nítorí náà, ọjọ́ tó bá dé ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ ki gbòǹgbò rẹ̀ bọ inú garawa omi fún wákàtí 1 sí 2, kó wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbẹ́ ihò tán. Ẹ má fi í sínú omi fún ọjọ́ púpọ̀ o, gbòǹgbò náà ń mí. Bí ilẹ̀ bá dì, tàbí tí omi dá dúró lórí rẹ̀, ẹ má gbìn ín. Ẹ wá igun kan tó rọ̀, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tútù bo gbòǹgbò rẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi dára.

Èyí tó burú jù lójú mi ni kí a rì í jìn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ igi náà dáadáa, ẹ ó rí ibi kan tó wú tàbí tó tẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so igi méjì pọ̀. Ti òkè ni yóò so ápù, ti ìsàlẹ̀ ló ń pinnu bí igi yóò ṣe ga tó. Ẹ ó rí orúkọ ti ìsàlẹ̀ yìí, bíi M27, M9 tàbí MM106, lára páálí tó so mọ́ ọn. M àkọ́kọ́ yẹn dúró fún Malling, nítorí East Malling ní Kent ni wọ́n ti ṣètò wọn. M27 kì í sábà ju mítà 2 lọ, M25 sì lè ju mítà 4 lọ. Bí ẹ bá rì ojú ìsopọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, ti òkè yóò ta gbòǹgbò tirẹ̀, igi kúkúrú tí ẹ fowó rà yóò sì di igi ńlá lẹ́yìn ilé. Kó ga ju ilẹ̀ lọ tó ìbú ọwọ́ kan. Igi gbọọrọ tí ẹ bá gbé dábùú ẹnu ihò ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n.

Ajílẹ̀ ńkọ́? A fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dà á sínú ihò. Bó bá ti ń jẹrà ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń rì, igi náà á sì bá a rì. Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde ni kí ẹ fi dí i, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Orí ilẹ̀ ni ajílẹ̀ ń gbé, kó má kan ara igi, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èèpo rẹ̀ yóò rà. Ẹ ro koríko kúrò yí i ká tó mítà 1.

Ẹ lè gé ẹ̀ka ápù àti péà nígbà òtútù. Ẹ má fọwọ́ kan plọ́ọ̀mù àti ṣẹ́rì, àrùn tó ń sọ ewé di aláwọ̀ fàdákà ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé lásìkò yẹn. Ìgbà ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ gé wọn.

Ìgbà ooru àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ gbin igi náà ni omi ṣe pàtàkì jù, kódà bí òjò bá rọ̀ díẹ̀. Bó bá so lọ́dún yẹn, ẹ já èso náà nígbà tí wọ́n ṣì kéré bí ẹ̀kùrọ́. Ó máa ń ṣòro fún mi, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni mo fẹ́ kó fi agbára rẹ̀ ta.